Lámilámi àti Òdòdó Lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí Woking

Nígbà tí a bá dárúkọ ìlú òyìnbó, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ilé gogoro, ọkọ̀ ojú irin, òtútù àti òjò wínníwínní tí kì í dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Júlàì, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì jáde kúrò ní ìgboro, yóò rí ilẹ̀ mìíràn. Yóò rí òdòdó oríṣiríṣi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn lẹ́bàá ọ̀nà, yóò sì rí lámilámi lórí omi, bí a ti ń rí i lórí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun nílé. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wọ bàtà yín, ẹ mú ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ìrìn ọ̀sán kan.

Ìlú Woking, ní ẹkùn Surrey, ni à ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bá gbéra ní ibùdó Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù yóò débẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni ó mọ orúkọ ìlú náà nítorí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Wọn a lọ, wọn a kírun, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà wọ ọkọ̀. Wọn kò mọ̀ pé bí àwọn bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, odò kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó ti kú rí tí ó sì tún jí, ọgbà kan ń bẹ tí a fi ń rántí àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí, ọ̀dàn kan sì ń bẹ tí òdòdó rẹ̀ ń tàn bí aṣọ àlàárì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré lè rìn láàárín ìrun Àílà sí ìrun Àláásárì lọ.

Ìyàwó àbúrò mi, ẹni tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ni a jọ lọ ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Júlàì, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì: ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti obìnrin, ọmọ ọdún méje. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá inú ilé ni: wá jẹun, lọ sùn, ó tó àkókò ìrun. Wọn kò mọ orúkọ ohun tí ń fò tàbí ohun tí ń hù.

MỌ́ṢÁLÁṢÍ TÍ OBÌNRIN FI OWÓ KỌ́

Mọ́ṣáláṣí Shah Jahan kò tóbi. Ẹnu yóò ya ẹni tí ó bá ń retí ilé ràgàjì. Òrùlé rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, igi gíga sì wà láyìíká rẹ̀ tí ó mú kí ọgbà náà tutù. Ọ̀mọ̀wé Gottlieb Wilhelm Leitner, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ èdè àwọn ará ìlà oòrùn sílẹ̀ ní Woking, ni ó ṣètò kíkọ́ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1889. Òun ni mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ tí a dìídì kọ́ láti ìpìlẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí o: obìnrin ni ó fi owó ńlá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Shah Jahan Begum ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí ó jọba lórí Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà láti ọdún 1868 títí di ọdún 1901. Orúkọ rẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí náà ń jẹ́ títí di òní.

Nígbà tí Leitner kú ní ọdún 1899, kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí, eruku sì bò ó fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá, títí amòfin kan láti Íńdíà, Khwaja Kamal-ud-Din, fi dé tí ó sì mú kí a tún ṣí i ní ọdún 1913. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá irú rẹ̀ pàdé kí ìrìn wa tó parí: ilé kò ní wó lójijì, ẹni tí ó yẹ kí ó gbá a ni kì í gbá a mọ́.

A ṣe àlùwàlá, a kí ìrun Àílà, a jẹ ìrẹsì àti ẹyin díndín tí ìyàwó wa dì sínú abọ́, a sì gbéra.

ODÒ TÍ Ó KÚ TÍ Ó SÌ JÍ

A gba ọ̀nà Monument Road, a kọjá ojú irin, kò sì pẹ́ tí a fi dé etí omi. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé odò tí Ọlọ́run dá ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Basingstoke Canal ni wọ́n ń pè é. Òfin tí ó fi àṣẹ sí i jáde ní ọdún 1778. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní ọdún 1788, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1794, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó igi, ọkà àti èédú láàárín ìlú Basingstoke àti Lọ́ńdọ̀nù. Gígùn rẹ̀ nígbà náà tó máìlì 37. Ẹṣin ni ó ń fi okùn fa ọkọ̀ láti orí ilẹ̀. Ọ̀nà tí ẹṣin ń tọ̀ nígbà náà ni àwa ẹlẹ́sẹ̀ ń tọ̀ lónìí.

Òwò náà kò mú èrè wá bí wọ́n ti rò, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò. Ní ọdún 1932, òrùlé ihò tí omi náà gbà kọjá lábẹ́ òkè ní Greywell wó lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹrẹ̀ dí odò náà, koríko bò ó, àwọn ẹlòmíràn sì sọ ọ́ di ààtàn. Bí kì í bá ṣe ti àwọn ará àdúgbò, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ìbá parí sí. Ní ọdún 1966 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbà á là. Ìgbìmọ̀ ẹkùn Hampshire àti ti Surrey ra odò náà ní àárín ọdún 1973 sí 1976, àwọn ènìyàn sì ń jáde ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, láìgba kọ́bọ̀, wọ́n ń kó ẹrẹ̀, wọ́n ń tún ògiri rẹ̀ mọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Máàyù ọdún 1991 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún 25 gbáko ni ó gbà. Nǹkan bí máìlì 32 ni ó ṣẹ́ kù lónìí.

Omi yìí ní àṣírí kan. Ilẹ̀ ẹfun ni orísun rẹ̀ ti ń sun ní Greywell, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń bọ̀ níhà Woking, ilẹ̀ oníyanrìn ni ó ń gbà kọjá. Ewéko tí ó fẹ́ràn omi ẹfun ń hù ní òkè, èyí tí ó fẹ́ràn omi ilẹ̀ yanrìn ń hù ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, odò kan ṣoṣo yìí ní oríṣi ewéko inú omi tí ó ju ti ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Níbi tí ewéko bá pọ̀ sí, kòkòrò yóò pọ̀ sí i; oríṣi lámilámi tí a ti rí lórí rẹ̀ lé ní ogún. Láti ọdún 1995 ni òfin ti ń dáàbò bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin wa ni ó kọ́kọ́ rí òdòdó. Ó sáré lọ síbi òdòdó gíga kan tí ó dúró ṣánṣán ní etí omi, elésè àlùkò, tí oyin ń wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni ń lọ ọjà. Loosestrife ni orúkọ rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni òmíràn wà, funfun bí ìfófòó ọṣẹ, tí òórùn rẹ̀ dùn bí oyin. Meadowsweet ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó jẹ́ ẹbí oògùn tí kò sí ilé tí a kì í bá a: èròjà tí ń lé ìrora wà nínú rẹ̀, ara orúkọ àtijọ́ rẹ̀, Spiraea, sì ni wọ́n ti yọ orúkọ Aspirin ní ọdún 1899. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí àgbo ti ń wù lẹ́bàá ọ̀nà, tí èmi ń lọ san owó ní ṣọ́ọ̀bù."

Lójú omi gan-an, òṣíbàtà tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, òdòdó rẹ̀ kékeré sì yọ orí jáde, ó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé òṣíbàtà yìí ni a máa ń fi ṣe àdúrà fún ọmọ nílé, pé kí ó lékè, kí omi má bò ó. Ọmọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Àǹtí, ó lékè lóòótọ́."

ẸNI TÍ Ń LÁ OMI

Orí ewé òṣíbàtà náà ni a ti rí àkọ́kọ́ wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí abẹ́rẹ́ aró, ojú rẹ̀ sì pupa bí iná ẹ̀yìn mọ́tò. Ó pa ìyẹ́ rẹ̀ dé sẹ́yìn, ó jókòó bí ọba kékeré lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni òmíràn kọjá, tí ó ní àmì dúdú bí aró sí ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó ń fò ní rọ́írọ́í bí labalábá. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀ sí àwọn ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo bí wọ́n ti ń jókòó: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ń pa ìyẹ́ dé, àwọn ńlá ń na ìyẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni na apá.

Lójijì ni ọ̀kan nínú àwọn ńlá yọ. Àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìrù rẹ̀ sì mọ́ bí ojú ọ̀run ní ọjọ́ tí kò sí kùrukùru. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lé gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ bá a pín omi náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní olú-ọba lámilámi. Ọmọbìnrin wa kígbe, ó sá mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, ó máa ta mí!" Irú ìbẹ̀rù báyìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà wọn a máa pè é ní abẹ́rẹ́ èṣù, wọn a ní ó ń ta ẹṣin. Irọ́ pátápátá ni. Lámilámi kò ní oró, kò sì ní ohun tí ó fi ń ta. Ẹ̀fọn àti kòkòrò kéékèèké ni ó ń jẹ lófuurufú; nígbà tí ó sì wà nínú omi, tanwíjí wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ni.

Ọmọkùnrin náà béèrè ohun tí wọ́n ń pè é ní Yorùbá. Mo ní, "Lámilámi." Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó ti ń pè é ni ọ̀kan ń ṣe ohun tí orúkọ náà wí níwájú wa: ó ń fi ìdí kan omi, ó ń gbéra, ó ń tún kàn án, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn baba wa ti wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni ó ń lá. Abo ni, ẹyin ni ó ń yé sínú omi. Abo olú-ọba náà ń yé tirẹ̀ sára ewéko tí ó wà nínú omi.

Ẹyin náà yóò di ọmọ kan tí kò lẹ́wà rárá, aláwọ̀ ẹrẹ̀, tí kò ní ìyẹ́, tí ń rìn ní ìsàlẹ̀ odò. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ pọ̀ bí apá; bí ohun kan bá kọjá, yóò nà án jáde wàrà, yóò sì gbá a mú, ìbáà jẹ́ tanwíjí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ọdún kan tàbí méjì ni ọmọ olú-ọba ń lò nínú ẹrẹ̀ báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìgbà ooru, yóò gun koríko jáde nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò là, lámilámi yóò sì fà jáde, yóò na ìyẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ó kù fún un lórí ilẹ̀ ayé. Ohun tí a ń rí tí ń dán nínú oòrùn ni ìparí ìgbésí ayé rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ti lọ nínú òkùnkùn omi. Súbúhánállàhì.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ pé kì í ta ènìyàn, ìbẹ̀rù fò lọ, ìfẹ́ dé. Lámilámi pupa kan bà sí ojú ọ̀nà níwájú wa, ó fẹ́ dé e mọ́ inú ike omi rẹ̀ kí ó lè mú un lọ sílé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ nínú ẹrẹ̀ kí ó tó rí oòrùn yìí. Ìwọ náà, ṣé ìwọ yóò fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ ọdún rẹ sínú ike?" Ọmọ náà ronú, ó sì dé ìdérí ike rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a wá nǹkan mìíràn lára koríko: awọ òfìfo tí lámilámi kan ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì di koríko mú. Ìyẹn ni ó gbé lọ sílé nínú ìwé pélébé.

Ó béèrè bóyá lámilámi Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n olú-ọba tí ó bà á lẹ́rù yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà náà jẹ́ ilé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan sì wà, pupa rúsúrúsú, tí ó máa ń tẹ̀lé òjò, tí ó ń fò láti ilẹ̀ Íńdíà kọjá òkun ńlá dé ìlà oòrùn Áfíríkà. Ìyẹ́ tí ó fúyẹ́ ju ewé alùbọ́sà gbígbẹ lọ ni ó fi ń ṣe é.

ỌGBÀ ÀWỌN TÍ KÒ PADÀ SÍLÉ

A kúrò ní etí omi, a tún gba Monument Road síhà àríwá. Kò pẹ́ tí a fi rí ògiri bíríkì pupa láàárín igi, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tí òrùlé rẹ̀ rí roboto bí ti mọ́ṣáláṣí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Mùsùlùmí láti Íńdíà ìgbà náà jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n kó àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ wá sí ilé ìwòsàn ní Brighton. Àwọn tí ó kú nínú wọn ni a wá ilẹ̀ fún nítòsí mọ́ṣáláṣí Woking, kí a lè sin wọ́n bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Wọ́n parí ògiri rẹ̀ ní ọdún 1917. A tún sin àwọn mìíràn síbẹ̀ nígbà ogun kejì.

Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣẹ́ ibi bẹ̀rẹ̀ sí í ba ibẹ̀ jẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1968 wọ́n kó àwọn òkú náà kúrò ní sàréè wọn lọ sí ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Brookwood, tí kò jìnnà. Ògiri nìkan ni ó kù, igbó sì gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbàgbé pátápátá. Wọ́n tún ògiri náà ṣe, wọ́n sọ inú rẹ̀ di ọgbà àlàáfíà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 2015. Igi birch 27 ni ó wà níbẹ̀, èèpo wọn funfun bí aṣọ ìhàrámì, igi kan fún ọmọ ogun kan. A kọ orúkọ wọn sára òkúta. Omi tóóró kan sì wà ní àárín tí a fi òkúta tẹ́ etí rẹ̀.

A dákẹ́ níbẹ̀. A ṣe àdúrà fún wọn. Lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti rí omi náà, ó sì jókòó sí etí òkúta. Ọmọkùnrin wa ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Wọ́n kú jìnnà sí ìyá wọn. Ó dára bí ọmọ ìyá mìíràn bá ń pe orúkọ wọn.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń GÉ IGI

Lẹ́yìn ọgbà náà ni ọ̀dàn Horsell Common nà lọ. Ilẹ̀ yanrìn ni, kò lọ́ràá, àgbàdo kò lè ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òdòdó kan mọ bí a ti ń jẹun níbi tí kò sí oúnjẹ. Heather ni orúkọ rẹ̀. Igi kékeré ni, kò ju orúnkún lọ; nígbà tí ó bá sì tanná, gbogbo ilẹ̀ yóò di elésè àlùkò títí dé ibi tí ojú mọ. Oríṣi mẹ́ta rẹ̀ ni ó wà ní irú ilẹ̀ yìí. Èyí tí òdòdó rẹ̀ rí bí agogo kékeré ti tanná nígbà tí a débẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Ògọ́ọ́sì ni tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tálákà ń fi í ṣe ìgbálẹ̀, wọ́n ń fi í bo òrùlé, wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní sùn. Oyin tí kòkòrò oyin ń fà lára rẹ̀ nípọn, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á.

Bí a ti ń rìn, ọmọkùnrin wa rí kùkùté igi páìnì kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó bínú. Ó ní, "Wọ́n sọ pé àwọn ń tọ́jú igbó, wọ́n sì ń gé igi!" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀dàn yìí kì í ṣe ohun tí ó dá wà fúnra rẹ̀. Láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gé igi níbẹ̀, tí wọ́n ń da ẹran jẹ̀, tí wọ́n ń ṣẹ́ heather wá sílé. Ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kí igbó dí i. Nígbà tí ènìyàn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, igi páìnì àti birch a wọlé, òjìji wọn a sì pa òdòdó tí ó fẹ́ oòrùn. Wọ́n sì ti kọ́lé lé òmíràn lórí, wọ́n ti sọ òmíràn di oko. Nínú irú ọ̀dàn báyìí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ní ọdún 1800, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ tí ó ti parẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò kan tí ó ti wà láti ọdún 1910 ni ó ń tọ́jú Horsell Common. Bí wọ́n bá ká apá gbera fún ogún ọdún péré, òdòdó náà yóò lọ.

A dé ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn láyé àtijọ́, tí omi dá sí láàárín. Àwọn ọmọ ilé ìwé mọ ibẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé H. G. Wells sọ pé àwọn àjèjì láti ojú ọ̀run bà sí nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1898. Àwa kò rí àjèjì kankan. Lámilámi ni a rí, tí wọ́n ń yí omi náà po nínú oòrùn. Ní etí irú omi ọ̀dàn báyìí ni ewéko kékeré kan tún máa ń hù tí ewé rẹ̀ kún fún irun pupa, tí oje wà lórí irun kọ̀ọ̀kan bí ìrì. Kòkòrò tí ó bá rò pé omi dídùn ni, tí ó bà lé e, kò ní gbéra mọ́. Ewé náà yóò ká mọ́ ọn, yóò sì jẹ ẹ́. Ilẹ̀ kò fún un ní oúnjẹ, ni ó fi kọ́ iṣẹ́ ọdẹ.

Ohun tí ó ń bà àwọn olùtọ́jú ọ̀dàn lẹ́rù jù ni iná. Ní oṣù Máàyù ọdún 2020, iná jó apá ńlá lára Thursley Common, ọ̀dàn mìíràn ní Surrey kan náà tí ó lókìkí jù nítorí lámilámi. Afárá onípákó tí àwọn ènìyàn ń gbà wo lámilámi lórí àbàtà jó pẹ̀lú. Heather lè hù padà, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìṣáná kan péré sì ni ó ń fẹ́ láti lọ.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, láàárín ìparí oṣù Máàyù sí ìparí oṣù Ògọ́ọ́sì. Lámilámi kì í fò nínú òtútù; láti bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹ óò rí wọn dáadáa. Ẹ mú omi àti oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, nítorí eégbọn wà nínú koríko tí ó lè kó àìsàn ranni; ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò ní alẹ́. Irú paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà ní irú ọ̀dàn yìí, ṣùgbọ́n sísá ni ó máa ń sá fún ènìyàn. Ẹ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ẹyẹ òru kan ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ń lo ìgbà òtútù kí ó tó padà lọ pamọ. Ẹ di ọmọ mú létí omi. Òdòdó gíga kan tí ó rí bí ìbọ̀wọ́ ìka, tí wọ́n ń pè ní foxglove, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi kan ẹnu. Oògùn ọkàn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má ṣe fa òdòdó tu; òfin ọdún 1981 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fa ewéko igbó tu láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹ fi ojú kó wọn lọ sílé.

Ohun mẹ́rin ni a rí ní Woking ní ọ̀sán kan: mọ́ṣáláṣí, odò, ọgbà àti ọ̀dàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ rí, kò sì sí ọ̀kan tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó gbà á padà. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé sàráà ni kí ènìyàn mú ohun tí ń ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó kó ike àti ẹrẹ̀ kúrò nínú odò náà kò gbọdọ̀ pàdánù làádá rẹ̀.

Àwa náà ní odò nílé. Lámilámi kò lè tọ́ ọmọ nínú omi tí epo mọ́tò àti ọ̀rá ti bò mọ́lẹ̀. Ibi tí a kò bá ti rí i mọ́, kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí omi náà, nítorí omi yẹn kan náà ni ẹlòmíràn ń pọn sínú ìkòkò ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò tí ó bá sún mọ́ yín, ẹ fi lámilámi hàn wọ́n, ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ọmọ tí ó bá mọ orúkọ ohun kan ni yóò mọ̀ nígbà tí ohun náà bá di àwátì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ẹni tọ́jú ohun rere tí a bá fi sílẹ̀. Àmín.